Ààlè Tí Mo So Mọ́ Àká

Ọjọ́ Àlàmísì kan nígbà ọyẹ́ ni mo kọ́kọ́ gbọ́ ọ, oòrùn dúró gangan ní àtàrí. Mo jókòó sẹ́nu ọ̀nà, mò ń pọ́n àdá. Mo gbọ́ tí ológbò ilé wa ń bì lẹ́yìn àká àgbàdo. Ìyẹn nìkan kò tó ohun tí ènìyàn ń dìde fún, nítorí ológbò tó bá jẹ eku tán a máa pọ irun rẹ̀ dànù. Ohun tí kò tọ́ ni ìró rẹ̀. Àjákù páànù kan wà nílẹ̀ níbẹ̀, ohun tí ológbò náà ń bì sì ń bọ́ lé e lórí, kó, kó, kó, bí ìgbà tí ènìyàn ń ju òkúta wẹ́wẹ́ sílẹ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan.

Mo dìde lọ wò ó. Àgbàdo ni. Hóró àgbàdo méje, funfun, gbígbẹ. Kò sí itọ́ lára wọn, kò sí ẹ̀jẹ̀, kò sí irun eku. Mo ṣa ọ̀kan, mo gbé e símú. Ó ń rùn káńfọ̀, irú èyí tí àwọn obìnrin máa ń fi sáàárín aṣọ nínú àpótí.

Ológbò kì í jẹ àgbàdo. Mo mọ ìyẹn kí n tó mọ̀wé kà, mo sì ṣì mọ̀ ọ́n.

Yésúfù ni orúkọ mi. Abúlé wa wà lẹ́yìn Erunmu, ilé mẹ́sàn-án péré, oko ló yí wa ká. Èmi àti Kifayah, ìyàwó ọmọ mi, àti Humairah ọmọ rẹ̀ tó jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́ta, àwa la jọ ń gbé nígbà náà. Múyì ọmọ mi ń wa ọkọ̀ ẹrù lọ sí òkè Ọya, ó máa ń pẹ́ kó tó yà wá wò. Mùjíbátù ìyàwó mi ti kú láti ọdún márùn-ún, ọdún kan gbáko kí Múyì tó gbéyàwó. Kifayah kò bá a láyé. Òun ló gbé ológbò náà wá láti ilé wọn ní Akanran nígbà tó ń bọ̀ nílé ọkọ, nítorí eku. Púsì ló ń pè é. Èmi kì í pè é ní nǹkan kan.

Ọ̀sẹ̀ kan ṣáájú ọjọ́ Àlàmísì yẹn, mo ti so ààlè mọ́ àká, nítorí àgbàdo mi ń dín. Lójú mi, mo mọ olè náà. Sàníù ni, tí ilẹ̀ rẹ̀ bá tèmi pààlà. Ọdún méjìlá la ti ń bá ara wa fà á lórí pèrègún mẹ́ta tó wà ní ààlà wa, tó ní mo hú kúrò. Mo hú wọn. Ibi tí wọ́n wà kò tọ́.

Ààlè tiwa níhìn-ín kò ju ṣùkù àgbàdo tí a ti yin hóró rẹ̀ tán, ìkarahun ìgbín, kùkùté ìgbálẹ̀, àti àkísà tí a fi so wọ́n pọ̀. Ohun tí olóko bá sọ sí i ni yóò bá ẹni tó bá tọwọ́ bọ ohun tó wà níbẹ̀. Èyí tí mo sọ ni pé ẹnu tó bá jẹ nínú àgbàdo yìí, kí inú rẹ̀ má gbà á. Lèmọ́mù wa kò fẹ́ràn ààlè. Mò ń kírun, mo sì ń so ààlè, bàbá mi náà ṣe bẹ́ẹ̀.

Kò sí àkísà nítòsí lọ́jọ́ tí mo so ó. Mo ṣí àpótí Mùjíbátù, mo ya etí ìró àdìrẹ rẹ̀ kan. Ó ti gbó, kò sẹ́ni tó ń ró o. Ohun tí mo rò nìyẹn.

Kifayah jáde láti ilé ìdáná, ó rí ológbò rẹ̀ nílẹ̀.

"Bàbá, kí ló ṣe Púsì?"

"Ó jẹ ìjẹkújẹ."

Ó da epo pupa sí i lẹ́nu. Ológbò náà bì í, inú rẹ̀ sì bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàn bí omi. Nígbà tó di ìrọ̀lẹ́, kò lè gbé orí dúró mọ́. Kifayah pe Lateef lórí fóònù, ọkùnrin Erunmu tó máa ń wá fún ewúrẹ́ àti adìẹ wa lábẹ́rẹ́. Ó gun ọ̀kadà rẹ̀ dé, ó kúnlẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ ológbò náà, ó tẹ̀ ẹ́ níkùn, ó ṣí i lẹ́nu wo èrìgì rẹ̀.

"Bàbá, ṣé ẹ da oògùn eku sílẹ̀ ni?"

"Ṣé ojú apani lo fi ń wò mí?"

"Mi ò sọ bẹ́ẹ̀ o, Bàbá. Iṣẹ́ ni mò ń ṣe." Ó fi ìka méjì fa awọ ọrùn ológbò náà sókè, ó sì jọ̀wọ́ rẹ̀. Awọ náà dúró sókè bí aṣọ tí wọ́n ká jọ, kò tètè padà. "Ẹ wò ó. Omi ti tán lára rẹ̀. Ẹ má fún un lóúnjẹ títí di ọ̀la. Omi ni kí ẹ máa fi ṣíbí tọ́ sí i lẹ́nu, díẹ̀díẹ̀. Tó bá dúró sínú, ẹ fi ìrẹsì rírọ̀ àti adìẹ bíbọ̀ bẹ̀rẹ̀, kò gbọdọ̀ sí ata, kò gbọdọ̀ sí epo."

"Adìẹ! Èmi tí mo ni ilé, ẹ̀fọ́ ni mo jẹ lánàá."

"Bàbá, ẹ̀yin kọ́ lẹ̀ ń bì."

Kifayah rẹ́rìn-ín. Inú bí mi. Mo na hóró àgbàdo méje náà sí Lateef. Ó wò wọ́n, ó wò mí.

"Ológbò kì í jẹ àgbàdo, Bàbá."

"Ta ló sọ fún ọ pé mi ò mọ̀?"

Ó gbé ológbò náà sínú apẹ̀rẹ̀, ó ní òun á mójú tó o nílé òun fún ọjọ́ mẹ́ta.

Lọ́jọ́ kejì, a kírun Jímọ̀ tán, mò ń bọ̀ nílé, mo bá Sàníù tó dúró sí ibi tí ọ̀nà oko ti yà. Ẹgbẹ́ mi ni, a jọ dàgbà ni. Ó ti pẹ́ tí a ti sọ̀rọ̀ kẹ́yìn láìsí igbe níbẹ̀.

"Yésúfù, mo gbọ́ pé ológbò rẹ ń bì."

"Inú tìrẹ ńkọ́? Ṣé ó dúró?"

"Inú mi le ju orí rẹ lọ." Lẹ́yìn náà ó wo ẹ̀yìn rẹ̀, ó rẹ ohùn sílẹ̀. Mi ò rí i kó rẹ ohùn sílẹ̀ fún mi rí. "Aṣọ ta lo fi so ààlè yẹn?"

"Aṣọ ìdí rẹ ni."

"Má bú mi, gbọ́ mi ná. Mo gba ẹ̀gbẹ́ àká rẹ kọjá níjẹta, ọ̀sán gangan. Mo rí obìnrin kan tó jókòó lábẹ́ rẹ̀, ó kẹ̀yìn sí mi. Mo rò pé ìyàwó ọmọ rẹ ni. Mo kí i, kò jẹ́ mi lóhùn. Nígbà tí mo dé iwájú ilé rẹ, ìyàwó ọmọ rẹ wà níbẹ̀, ó ń fọ abọ́." Ó sún mọ́ mi. "Bàbá mi máa ń sọ ọ́, pé a kì í fi aṣọ òkú so ààlè. Ẹni tó bá ni aṣọ la gbéṣẹ́ fún. Lọ tú u, Yésúfù."

"Olè nìkan ló ń bẹ olóko pé kó tú ààlè."

Ó tutọ́ sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà.

"Ó dáa," ó wí. "Ọmọ kékeré wà nílé rẹ o."

Ó lọ. Mo dé ilé, mo wo ààlè náà. Ó wà níbi tí mo so ó sí, atẹ́gùn ọyẹ́ ń mi ìkarahun ìgbín. Káńfọ̀ ń rùn ní gbogbo ẹ̀gbẹ́ àká. Mo sọ fún ara mi pé aṣọ náà ló ń rùn. Ṣùgbọ́n aṣọ tó ti wà nínú oòrùn fún ọ̀sẹ̀ kan kì í rùn káńfọ̀ mọ́.

Ọjọ́ Sọ́ńdè ni Lateef gbé ológbò padà. Ara rẹ̀ ti yá, ó ń ké oúnjẹ. Lateef ní láti alẹ́ ọjọ́ àkọ́kọ́ tó ti kúrò lọ́dọ̀ wa ni kò ti bì mọ́. "Ohun tó ń jẹ níbí ni kí ẹ wá rí," ó wí fún Kifayah. Ó kọ irú oúnjẹ tí a óò máa fún un sínú bébà, ó na bébà náà sí Kifayah. Mo gbà á, mo kà á fúnra mi.

Ìgbà tí ọ̀sán ń bọ̀, ológbò náà sáré lọ sábẹ́ àká. Mo rí i tó mú eku kan, tó jẹ ẹ́ torí-tìrù. Oòrùn dé àtàrí, ó bẹ̀rẹ̀. Mo lọ bá a. Hóró mọ́kànlá ni lọ́tẹ̀ yìí. Ojú rẹ̀ kò sì sí lára mi. Ó ń wo àárín àwọn ẹsẹ̀ àká, irun ẹ̀yìn rẹ̀ dìde ṣánṣán, bẹ́ẹ̀ ni kò sí nǹkan kan níbẹ̀.

Mo bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, mo wo ìsàlẹ̀ àká. Eku ti lu ú ní ihò tó gba àtẹ́lẹwọ́ mi. Ọ̀rọ̀ náà yé mi nígbà náà. Eku jí àgbàdo, ológbò jẹ eku. Ààlè tí mo so nítorí Sàníù, ẹran tó ń bá mi ṣọ́ àgbàdo ló mú.

Ìgbà náà ló yẹ kí n tú u. Mi ò ní purọ́ níbí. Mo na ọwọ́ dé ibẹ̀. Ṣùgbọ́n láti oko Sàníù, ènìyàn lè rí àká mi. Mo rò ó pé bó bá gbójú sókè tí kò rí ààlè mọ́, yóò máa sọ káàkiri pé òun ni òun mú Yésúfù tú u. Mo gbé ọwọ́ mi kúrò. Mo ní ológbò ni, kì í ṣe ènìyàn.

Lọ́jọ́ Mọ́ńdè, ní ọ̀sán, Humairah wà nílẹ̀ nínú pálọ̀. Kifayah ti gbé abọ́ tánganran sábẹ́ àgbọ̀n rẹ̀. Inú yàrá ni mo wà tí mo fi gbọ́ ọ.

Kó. Kó. Kó.

Mo jáde. Kifayah wò mí, ètè rẹ̀ funfun.

"Bàbá, àgbàdo ni. Àgbàdo gbígbẹ. Mi ò fún un ní àgbàdo jẹ!"

"Kí lo fún un?"

"Ẹ̀kọ mímu ni. Ẹ̀kọ tó ń mu láràárọ̀."

"Àgbàdo wo lo fi ṣe ògì rẹ̀?"

Ó wò mí bí ẹni tó ń wo wèrè. "Èyí tó wà nínú àká náà ni. Àká ilé wa. Ṣé àgbàdo mìíràn wà ni?"

"Láti ìgbà wo?"

"Láti ìgbà tí ẹ ti kó o wọ̀ ọ́. Igbá méjì lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Ògì tí mo rẹ kí ẹ tó so nǹkan yẹn ló tán ní àná. Tuntun ló mu láàárọ̀ yìí. Ẹ ò bi mí rí, Bàbá!"

Mi ò bi í rí. Olóko fúnra rẹ̀ kì í mú nínú ohun tó bá so ààlè sí, àfi kó kọ́kọ́ tú u, kó mú, kó tún un so. Mo mọ ìyẹn láti kékeré. Kifayah dàgbà sí àárín ìlú ní Akanran, ìyá rẹ̀ ń ta aṣọ, wọn kò ní àká. Mo rò pé gbogbo ènìyàn ló mọ̀ ọ́n. Olè tí mo ń bá jà, òun nìyẹn: eku, àti ẹ̀kọ ọmọ ọmọ mi.

Mo bẹ̀rẹ̀, mo fi ìka méjì fa awọ apá ọmọ náà sókè. Mo jọ̀wọ́ rẹ̀. Ó dúró sókè, kò padà.

"Ẹ lọ tú u," Kifayah wí. Kò kígbe. Ìbá sàn kó kígbe. "Bí ẹ ò bá lọ, èmi á lọ."

"Ẹni tó so ó ló ń tú u," mo wí, mo sì mú àdá mi nílẹ̀, mo jáde.

Ìta dákẹ́. Adìẹ kò ké. Òjìji mi wà lábẹ́ ẹsẹ̀ mi gan-an. Mo rí ẹ̀yìn rẹ̀ kí n tó dé ibẹ̀: obìnrin kan lórí àpótí ìjókòó kékeré lábẹ́ àká, orí rẹ̀ wà láìbò, ìró àdìrẹ wà lára rẹ̀, etí ìró náà ya. Ó ń yin àgbàdo sínú abọ́ kan. Mò ń gbọ́ bí hóró ṣe ń bọ́ sínú abọ́ náà, kó, kó. Mo yọjú wo inú abọ́. Kò sí nǹkan kan nínú rẹ̀. Ohun tó ń yin kò dúró síbẹ̀.

"Mùjíbátù," mo wí.

Ọwọ́ rẹ̀ dúró. Kò wẹ̀yìn.

"Ta nìyẹn?"

"Èmi ni. Bàbá Múyì."

"Mi ò mọ̀ ọ́."

Ọdún méjìdínlógójì tí a fi jọ gbé, kò bá mi sọ̀rọ̀ báyẹn rí. Ẹ ló máa ń pè mí, àní lọ́jọ́ tí a bá jà.

"Èmi ni mo ni àká. Mo wá tú ààlè mi."

"Gbogbo olè ló ń sọ bẹ́ẹ̀. Olóko gbéṣẹ́ fún mi. Bó bá dé, màá mọ̀ ọ́n."

"Ọmọ Múyì ló ń kú lọ nínú ilé. Ọmọ ọmọ rẹ ni."

"Múyì ò tíì gbéyàwó," ó wí jẹ́ẹ́jẹ́, ó sì tún bẹ̀rẹ̀ sí í yin àgbàdo. Kó. Láti inú ilé, mo gbọ́ tí ọmọ náà tún bì.

Mo na ọwọ́ sí ààlè. Kókó kan ṣoṣo ni mo ta sí i lọ́jọ́ tí mo so ó. Ohun tí mo bá níbẹ̀ kò ní orí, kò ní ìdí, kókó lórí kókó, ó le bí egungun. Mo fi èékánná họ ọ́, mo fi eyín fà á. Káńfọ̀ kún ẹnu mi. Ó ń yin, ọmọ ń bì, mo sì ń gbọ́ bí àárín ọ̀kan sí èkejì ṣe ń kúrú. Nígbà náà ni ọwọ́ tútù kan gbá ọrùn ọwọ́ mi òsì mú láti ìsàlẹ̀.

Mo gbé àdá, mo gé ààlè náà já.

Ìró yẹn dáwọ́ dúró. Kò sí obìnrin, kò sí abọ́. Ológbò wà nílẹ̀ níbi tí obìnrin náà jókòó sí, ó ti gan, hóró àgbàdo kan wà láàárín eyín rẹ̀. Nígbà tí mo wọlé, Humairah ń bèèrè omi.

Omi tí ìyá rẹ̀ fi ṣíbí tọ́ sí i lẹ́nu dúró sí i nínú. Títí ilẹ̀ fi ṣú kò bì mọ́. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, Kifayah di ẹrù. Mo ní kó dúró de ọkọ rẹ̀.

"Bàbá, ẹ rí ihò eku lọ́jọ́ Sọ́ńdè. Ẹ̀yin lẹ fẹnu yín sọ ọ́ fún mi lálẹ́ àná," ó wí. Ó pọn ọmọ rẹ̀. "Àgbàdo yín ló dùn yín jù." Kò wẹ̀yìn wò mí títí tí ọ̀kadà fi gbé wọn lọ.

Mo sin ológbò náà sídìí ọ̀pẹ, mo fi àkísà ààlè náà dì í. Sàníù dúró ní oko rẹ̀, ó ń wò mí. Ó sún mọ́ ààlà, ibi tí àwọn pèrègún wà tẹ́lẹ̀.

"Ṣé o tú u?"

"Mo gé e."

"A máa ń tú ààlè ni, Yésúfù," ó wí. "Ta wá ni yóò sọ fún un pé iṣẹ́ ti parí?" Ó gbé ọkọ́ lé èjìká, ó lọ. Kò gba ẹ̀gbẹ́ ilé mi kọjá mọ́ láti ọjọ́ náà. Ó la ọ̀nà tuntun gba ẹ̀yìn odò.

Mo kó gbogbo àgbàdo àká síta, mo dáná sun ún. Ní ọjọ́ Àlàmísì tó tẹ̀ lé e, mo ti oko dé ní ọ̀sán, ebi ń pa mí. Ṣùkù àgbàdo, ìkarahun ìgbín, kùkùté ìgbálẹ̀, etí ìró àdìrẹ ló so wọ́n mọ́ òkè ilẹ̀kùn ilé mi. Erùpẹ̀ sàréè ológbò ṣì wà lára aṣọ náà. Èmi kọ́ ni mo so ó.

Mo wá orí kókó rẹ̀ títí ilẹ̀ fi ṣú. Mo ṣì ń wá a. Ilé Lateef ní Erunmu ni mo ti ń jẹun báyìí, mo máa ń fẹsẹ̀ rìn lọ rìn bọ̀, nítorí ohunkóhun tí mo bá jẹ lábẹ́ òrùlé mi, ìró rẹ̀ ni mo máa ń gbọ́ lórí sìmẹ́ǹtì lọ́sàn-án nígbà tí mo bá ń bì í. Àmì ìka márùn-ún wà ní ọrùn ọwọ́ mi òsì, ó funfun, kò parẹ́.

Ohun tó lọ nìyí. Ológbò kan. Àgbàdo àká kan. Ìyàwó ọmọ kan, àti ọmọ ọmọ kan tó wà láàyè ní Akanran, tí wọn kì í gbé fóònù fún kó bá mi sọ̀rọ̀. Múyì, tó ti wá lẹ́ẹ̀kan, tó rí òkè ilẹ̀kùn, tí kò wọlé. Aládùúgbò kan tí mo pè lólè. Ilé kan tí mò ń sùn sí tí mi ò lè jẹun nínú rẹ̀. Àti Mùjíbátù, lẹ́ẹ̀mejì.